Yẹtí Màámi

Jímọ̀, Ore.

A sin Màámi lónìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a jọ wo adé wúrà ọba Kòríà àtijọ́ kan lórí fóònù mi. Inú sàréè ọba náà ni wọ́n ti hú u jáde.

Màámi fọwọ́ kan yẹtí wúrà tí kì í kúrò létí wọn. "Wọn ò ṣí i lórí ọba náà kí wọ́n tó sin ín?"

"Wọn ò ṣí i, Mà."

"Má jẹ́ kí wọ́n yọ tèmi náà o."

Mo fi rẹ́rìn-ín, mo gbà.

Láàárọ̀ yìí, àwọn ìyá tó wẹ òkú sọ pé Mùsùlùmí kì í kó wúrà lọ sí sàréè. Òótọ́ ni. Ọṣẹ ni wọ́n fi yọ ọ́. Mo nawọ́ gbà á lọ́wọ́ wọn. Ara mi ni mò ń bínú sí.

Yẹtí náà wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ọṣẹ ti gbẹ mọ́ ọn lára. Mi ò lè fọ̀ ọ́.