Ohùn Yín Nínú Ampilifáyà Bàbá Wa

Olóòtú wa, ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Màmá mi á mọ̀ pé èmi ni, àmọ́ kí àwọn ará àdúgbò má mọ̀.

Ètò rédíò yín ń jáde nínú ampilifáyà gìtá tí olóògbé bàbá wa fi sílẹ̀. Àbúrò mi ló ń fi ṣiṣẹ́ jẹun. Níbi ìgbéyàwó kan, bí ìyàwó ṣe ń wọlé, ohùn yín ló fi ìròyìn ọ̀wọ́n sìmẹ́ǹtì kí i káàbọ̀. Wọn kò pe àbúrò mi síṣẹ́ mọ́.

Mo kọ́ iṣẹ́ iná ní politẹ́kíníìkì, ni mo bá tú ampilifáyà náà. Wáyà kékeré tó yẹ kó máa dènà rédíò kò so mọ́ ibi kankan. Mo rò pé ó já ni. Rárá o. Ẹnìkan mọ̀ọ́mọ̀ gé e ni, ó sì fi téèpù wé orí rẹ̀ bí ẹni di ọgbẹ́.

Mo bi màmá. Wọ́n ní, "Nígbà tí rédíò mi bàjẹ́, bàbá yín ní òun á wá nǹkan ṣe sí i."

Mo ra rédíò tuntun fún wọn. Òun ni wọ́n fi ń dá ilẹ̀kùn dúró.

"Màmá, iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ mi o," ni àbúrò mi wí.

"Ẹ so ó padà tó bá wù yín," ni wọ́n dáhùn. "Ṣebí iṣẹ́ ọwọ́ bàbá yín lẹ fẹ́ tú."

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n so ó àbí kí n fi sílẹ̀? Olóòtú, bí ẹ ṣe ń ka lẹ́tà yìí, màmá wà níwájú ampilifáyà náà, wọ́n gbé ọwọ́ lé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra dáhùn. Ọ̀dọ̀ wọn ni ohùn yín á kọ́kọ́ dé.