Kamẹ́líà Tanná ní Èrúwà

Ẹ̀gbọ́n mi Gbénró,

Kamẹ́líà, igi òdòdó tí ẹ fi ránṣẹ́ láti London, tanná lánàá, òdòdó pupa kan ṣoṣo. Mo kí yín, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ara Màmá le. Ojú wọn nìkan ló ń ṣe bàìbàì. Wọ́n ti da eérú sídìí kamẹ́líà náà nítorí ikán, ewé rẹ̀ sì pọ́n. Eérú kò bá a lára mu, ni mo bá kó o kúrò, mo ṣí igi náà lọ sábẹ́ òjìji máńgòrò.

Ìyá Ojúọlá, aládùúgbò wa, rẹ́rìn-ín: “Ìyá Gbénró, igi tí kò lè jẹ eérú, ọmọ òyìnbó gidi ni!”

Màmá ní, “Má bú u. Gbénró kọ̀wé pé tó bá tanná, òun á wálé wá wò ó.”

Wọ́n ti ń gbá yàrá yín. Mo rò pé àwàdà lẹ fi ṣe, ṣùgbọ́n mi ò sọ fún wọn. Kí Olúwa ṣọ́ gbogbo yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé kí n mọ̀ bóyá ẹ ń bọ̀ lóòótọ́.

Àbúrò yín,
Àpèkẹ́