Ọmọ Alágbàfọ̀ àti Abẹ́rẹ́ Maṣíìnì

Yàrá tó kángun sí àtẹ̀gùn,
Ilé Alájà Mẹ́ta,
Ẹ̀yìn Ilé-Iṣẹ́ Aṣọ.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Àbúrò mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo ilé? Ṣé ara yín le koko? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti ń jẹ́ kí wọ́n rìn? Ìyá wa ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jà bí ẹni pé ó ń gbọ́ wọn? Ara tèmi náà le, ọpẹ́ ni. Ẹ̀yìn nìkan ló ń ro mí, ìyẹn sì ti di mọ̀lẹ́bí.

Mo gbọ́ iṣẹ́ tó o rán sí mi, pé ọkùnrin tó ń kó ọmọ lọ síbi iṣẹ́ aṣọ ti dé ọ̀dọ̀ yín, àti pé o fẹ́ fa àkọ́bí rẹ lé e lọ́wọ́. Má ṣe é. Mo ní má ṣe é o, ọmọ ìyá mi. Kó o tó bínú, jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Ọmọ alágbàfọ̀ kan wà lọ́dọ̀ wa tí à ń pè ní Tíńtín, torí tó bá jókòó sídìí maṣíìnì, orí rẹ̀ nìkan là ń rí. Bọ́tìnnì ló ń rán mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ náà yá. Á ní, "Màmá Kọ́là, Kọ́lá ọmọ yín dà?", bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé torí kọ́là, ìyẹn ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tí mò ń rán, ni wọ́n ṣe ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, iṣẹ́ wọlé rẹpẹtẹ. Ọmọ náà ti ń tòògbé láti àárọ̀. Igbe ni mo kàn gbọ́. Abẹ́rẹ́ ti gún ìka rẹ̀, ó sì kán sínú ẹran. Alábòójútó wa sáré dé. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ẹ̀jẹ̀ ń kán sí ló kọ́kọ́ gbé kúrò.

Mo ní ká gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Ó ní ká fi àkísà di í.

"Màmá Kọ́là, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Tí wọ́n bá bi í ní ọjọ́ orí ńkọ́?"

"Irin wà nínú ìka ọmọ ọlọ́mọ, ọjọ́ orí lẹ̀ ń rò?"

"Tẹ́ ẹ bá jáde, ẹ má padà wá mọ́."

O mọ̀ pé ìdí iṣẹ́ yìí ni gbogbo wa ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń wò mí, kò tiẹ̀ sunkún mọ́. Mo pọ̀n ọ́n. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì ní wọn ò fún òun láṣẹ láti ṣí i. Mo bẹ̀, mo pariwo, ilẹ̀ ló ń wò. Ìgbà náà ni ariwo maṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ lẹ́yìn mi. Iná ò lọ o. Àwọn obìnrin ló ń pa maṣíìnì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí gbogbo yàrá fi pa rọ́rọ́. Wọ́n dìde dúró, wọ́n ń wo géètì. Bàbá náà wò wọ́n, ó wo ọmọ, ó yọ kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ yára, kí ẹ̀rù tó tún bà mí."

Nọ́ọ̀sì bi í ní ọjọ́ orí. Pẹ̀lú ìrora yẹn, Tíńtín ní, "Mo ti pé ọdún méjìdínlógún, mà." Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níbi iṣẹ́ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ní kó lanu. Eyín ọmú rẹ̀ kan ṣì ń mì. Obìnrin náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n yọ irin náà, àmọ́ ìka ọ̀hún ò ní ká mọ́.

Ọ̀rọ̀ dé etí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Kí wọ́n tó dé, ọ̀gá àgbà ní kí gbogbo ọmọdé máa lọ. O lè rò pé ó tán nìyẹn. Kò tán. Ebi tó lé wọn jáde ṣì jókòó sílé, ọ̀nà ọ̀fun sì lọ̀nà ọ̀run. Lọ́jọ́ náà gan-an, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan nínú àwọn ọmọ náà, tó ń já òwú lára aṣọ lọ́dọ̀ wa, gba ibi tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró lọ, níbi tí oògùn aró ti ń bó ọmọ lọ́wọ́.

Làwa obìnrin bá jókòó síta. A ní a ò ní fọwọ́ kan abẹ́rẹ́, àfi tí wọ́n bá fi ìyá tàbí bàbá ọmọ kọ̀ọ̀kan rọ́pò rẹ̀, kí wọ́n san owó àgbà fún un, kí ọmọ lọ síléèwé. Ọ̀gá fi òwe dá wa lóhùn: "Ọwọ́ àgbà ò wọ kèrègbè." Mo ní, "Ọ̀gá, bọ́tìnnì là ń rán, a ò rán kèrègbè." Òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Oòrùn pa wá níbẹ̀ títí àwọn tó ń dúró de ṣẹ́ẹ̀tì fi dà á láàmú lórí fóònù. Ó gbà, ó sì ní kí èmi náà padà sídìí maṣíìnì mi.

Ẹ̀gbẹ́ mi ni ìyá Tíńtín ń jókòó báyìí. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo, òwú ń já mọ́ ọn lọ́wọ́, mo sì ń jágbe mọ́ ọn. Ọmọ wà ní kíláàsì kìn-ín-ní, òun ló ga jù níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. A ti wá tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yẹn lọ síbi aró. Wọ́n ní kò sí ọmọdé kankan níbẹ̀. Mo rí sálúbàtà kéékèèké lẹ́nu ọ̀nà wọn. Lọ́la, gbogbo wa àti òṣìṣẹ́ ìjọba la jọ ń lọ, a ò sì ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà náà láìjẹ́ pé wọ́n ṣí i.

Bá mi kí ìyá wa, bàbá àwọn ọmọ àti gbogbo ará ilé. Fọwọ́ pa àkọ́bí rẹ lórí fún mi.

Èmi tá a jọ mu ọmú kan náà,
Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Màmá Kọ́là.