Màmá Onípẹ́pẹ́yẹ, Tí Kì Í Yọ Ẹnikẹ́ni Kúrò

Ọdún 1944, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń ṣe wínníwínní, ni a bí Màmá wa ọ̀wọ́n sínú yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Bàbá wọn ni télọ̀ náà. Ìyá wọn ló ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ. Àárín ìrépé aṣọ ni Màmá ti kọ́ ìrìn.

Lọ́dún 1951 ni wọ́n wọ iléèwé. Ká má parọ́ mọ́ òkú, ìṣirò ò yé wọn rárá. Tíṣà á kọ nọ́ńbà sójú pátákó, Màmá á lanu sílẹ̀, ẹgba á sì tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n sunkún délé, bàbá wọn to bọ́tìnnì méjì sórí tábìlì, wọ́n to mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ kejì, wọ́n wá fọwọ́ gbá wọn jọ. Màmá rí márùn-ún. Wọ́n ní ńṣe ló dà bí ìgbà tí ẹnìkan ṣí fèrèsé.

Lọ́dún 1966 ni wọ́n gba iṣẹ́ olùkọ́ ní kíláàsì kìíní. Ọdún kejì ni wọ́n fẹ́ Bàbá wa, káfíńtà tó wá tún ilẹ̀kùn kíláàsì náà ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi wá bóyá ilẹ̀kùn náà tì.

Àwọn ọmọ iléèwé fúnra wọn ni Màmá kọ́kọ́ fi ń kọ́ni ní ìròpọ̀: méjì lẹ́nu ọ̀nà, mẹ́ta lójú fèrèsé, ẹ rìn pàdé ara yín! Ìyá àgbà kan bá fìbínú dé: "Tíṣà, a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ o! Ẹ wá nǹkan mìíràn kà!" Màmá kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Bàbá kan pátákó, Màmá fi kúbùsù aláwọ̀ búlúù bò ó, ó di omi. Wọ́n fi ìrépé aṣọ onírun rán pẹ́pẹ́yẹ, èyí tí wọ́n bá ti tẹ̀ mọ́ kúbùsù á lẹ̀ mọ́ ọn. Méjì á wẹ̀ wá láti ọ̀tún, mẹ́ta láti òsì, kíláàsì á sì dákẹ́ rọ́rọ́ bí ẹni pé omi ń ṣàn níbẹ̀. Ọmọ kan tiẹ̀ kó èérún búrẹ́dì wá fún wọn.

Màmá bímọ márùn-ún. Ẹkẹta, obìnrin, ló bá wọn rán pẹ́pẹ́yẹ aláwọ̀ ìyeyè tí ẹnu rẹ̀ wọ́. Lọ́dún 1977, ibà mú ọmọ náà lọ. Ó dùn wọ́n dọ́kàn. Nígbà tí wọ́n padà síbi iṣẹ́, ó kan ìyọkúrò. Màmá di pẹ́pẹ́yẹ náà mú láti yọ ọ́ nínú omi, ọwọ́ wọn kọ̀. Láti ọjọ́ náà, tíṣà yàrá kejì ló ń bá wọn kọ́ ìyọkúrò, Màmá á sì lọ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì tirẹ̀ ní ìròpọ̀, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì lọ́dún 1999.

Màmá kì í fi àdúrà òwúrọ̀ ṣeré. Orúkọ ọmọ márùn-ún ni wọ́n ń pè níbẹ̀, wọn ò fò ọ̀kan rí. Ọmọ àdúgbò tí ìṣirò bá ń dà láàmú, pálọ̀ wọn ni wọ́n ń mú un wá, lọ́fẹ̀ẹ́.

Nígbà tó yá, ìgbàgbé dé. Wọ́n á bi Bàbá pé, "Ṣé ẹ̀yin ni káfíńtà tó wá tún ilẹ̀kùn ṣe?" Bàbá á ní, "Èmi ni, mà," wọ́n á sì mú òòlù. Orúkọ wa pàápàá lọ lórí wọn. Ẹ̀rù bà wá pé ẹkẹta wa tó ti lọ náà ti lọ lọ́kàn wọn nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n lò kẹ́yìn, àbíkẹ́yìn gbé pátákó náà lé wọn lẹ́sẹ̀, ó to pẹ́pẹ́yẹ mẹ́rin sójú omi, ó ń nawọ́ sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá mi orí. Wọ́n tọwọ́ bọ àpò ìrépé, wọ́n wá a títí, wọ́n sì tẹ aláwọ̀ ìyeyè yẹn mọ́ àárín.

Wọ́n ní, "Ó pé." Ojú oorun ni wọ́n gbà lọ lọ́sẹ̀ náà.

Àkọ́bí kọ́kọ́ kọ ọ́ síbí pé ọmọ mẹ́rin ni Màmá fi sáyé lọ. Bàbá ní kó lọ wo pátákó. Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn wa, Màmá fi Bàbá káfíńtà sílẹ̀. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n ní, mẹ́rin lọ́dọ̀ wa, ọ̀kan lọ́dọ̀ wọn. Àti àwọn ọmọ-ọmọ tí a ò ní sọ iye wọn, torí a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ.

Ẹ sùn re o, Màmá Onípẹ́pẹ́yẹ. Kí omi tòrò fún yín. Ẹ bá wa kí ẹkẹta wa.