Aago Méjì Nínú Yàrá Màmá

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹfà
Wáífáì tún já. Aago méjì géérégé, bíi ti ọjọ́ Ẹtì. Oníbàárà kan ń bínú sí mi lọ́wọ́ lórí ìpè, ohùn rẹ̀ kàn pòórá. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kó tó padà. Oníṣẹ́jú – ọ̀gá mi nìyẹn, "ìṣẹ́jú mélòó?" ni orin rẹ̀ – ní tó bá tún rí bẹ́ẹ̀, kí n wá iṣẹ́ mìíràn. Bí mo bá wá iṣẹ́ lọ síta, ta ni yóò wà pẹ̀lú Bàbá? Àwa méjì la kù nílé, ọkàn wọn ò sì tíì balẹ̀ látìgbà tí Màmá ti lọ. Mi ò sọ fún wọn. Ìwé yìí nìkan ni mo sọ ọ́ fún, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé mo ní in.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3
Ó já. Mo tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí Oníṣẹ́jú pé iná ló lọ. Irọ́ ni. Orí ló kó mi yọ.

Ọjọ́rú, 4
Oníwáyà wá, ẹni tó bá wa so wáífáì. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó ní, "Àǹtí, ẹjọ́ wa kọ́ o. Nǹkan kan ń dà á láàmú nínú ilé yín." Nígbà tó di aago méjì, ó ń gbé fóònù rẹ̀ kiri, ó ń wá ibi tó ti ń wá, títí ó fi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá Màmá. Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn. "Ta ló wà níbí?"
Kò sí ẹnikẹ́ni.
A wọlé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ẹkún ọmọ ni, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú; òun ló ń dí wáífáì lọ́wọ́. Èmi ni mo rà á nígbà àìsàn Màmá. Èmi náà ni mo fi súwíìsì aláago sí i, kó máa tàn láago méjì tí wọ́n ń lo oògùn. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí a sin wọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ fún aago. A rẹ́rìn-ín, mo yọ ọ́. Nígbà tí Oníwáyà lọ tán, mo sunkún.

Ọjọ́bọ̀, 5
Kò já!!

Ọjọ́ Ẹtì, 6
Kò já. Bàbá ò fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7
Wọn ò jẹun síbẹ̀. Mo fẹ́ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, mo bá èkejì ẹ̀rọ náà lábẹ́ ìrọ̀rí – èyí tó ń sọ̀rọ̀.
Wọ́n ní, "Kí ni mo fi ṣẹ ìyá ẹ? Láti Ọjọ́rú, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."
Mo ní Bàbá, ẹ̀rọ lásán ni, ariwo bí òjò ló ń pa.
"Ṣé òjò ló sọ fún mi pé o parọ́ iná fún ọ̀gá ẹ?"
Mo jókòó. Mi ò la ẹnu sọ irọ́ yẹn. Mo tẹ̀ ẹ́ ni.

Ọjọ́ Ajé, 9
Mo bẹ Oníṣẹ́jú kí n máa fi aago méjì jẹun. Ó gbà. Mo dá ẹ̀rọ padà sáyè rẹ̀.
Aago méjì, mo jókòó ti Bàbá. Ariwo òjò ṣáá ni mo gbọ́. Wọ́n ń mi orí, wọ́n ń jẹun, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n yíjú sí mi.
"Ó ní o ṣeun. Ó ní kí o yé kọ ọ̀rọ̀ òun sínú ìwé."
Ó dáa, Màmá. Mo ti gbọ́.