Àmín Tí Mo Ṣe Sórí Ìjà Bàbá Rẹ

Ojúlé Kọkànlá,
Òkè-Ọlá,
Ìṣẹ́yìn,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ogúnjọ́, oṣù Èbìbí, ọdún 2025.

Ramlah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbígbẹ̀yìn tí kì í jẹun bí kò bá sí ẹyin? Mo gbọ́ pé òjò ń rọ̀ déédéé ní Ìlọrin. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló rọ̀ níbí, ó sì dá. Àwọn ará Ìpapó tó ti gbin àgbàdo ń wojú ọ̀run.

Ara mi le, a dúpẹ́. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣùgbọ́n bí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ ni mo yí ọ̀rọ̀ sí ti òjò. Ìdí nìyí tí mo fi gbé kálàmù.

Bàbá rẹ fẹ́ lọ kan ẹ̀ṣẹ́. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù yìí ni, ní pápá ilé-ìwé wa, kí Iléyá tó dé. Má rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Nígbà tí mo ń tú ẹrù bàbá mi olóògbé, mo rí àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n tò jọ nítorí ìjà ẹ̀ṣẹ́. Mo kó wọn dání lọ sí àtíbàbà tí Wàsíù ti ń hun òfì, níbi tí mo ti fẹ́ gba ìborùn mi. Àwọn ọkùnrin ti jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn ìrun Alásárì bí ìṣe wọn. Mo ka ibì kan sí wọn létí: Ràmọ́nì Ọlọ, bí wọ́n ṣe ń pe bàbá rẹ nígbà náà, jà lẹ́ẹ̀mọ́kàndínlógún láì ṣubú.

Wàsíù dá òfì dúró. Ó ní, “Àwọn tí wọ́n ń bá jà nígbà náà, oko iṣu ni wọ́n ti ń bọ̀. Ẹ mú Samsudeen, ọ̀dọ́ tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ ní Ṣakí báyìí, wá, bàbá ò ní kọjá abala kejì.”

Olúfẹ́mi káfíńtà ní, “Samsudeen tó ń sá kiri bí ẹni tí oyin ń lé? Abala mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń jà láyé ìgbà yẹn. Àwọn tìsinsìnyí ja méjìlá, wọ́n ń mí bí ewúrẹ́ tó gun òkè.”

Mo sọ fún wọn pé ìbọ̀wọ́ yàtọ̀, oúnjẹ yàtọ̀, òfin yàtọ̀. Mo bi wọ́n léèrè kí ni wọ́n fẹ́ fi wọn akọni ìgbà kan mọ́ ti ìgbà mìíràn. Bàbá rẹ wà lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń ka tẹ̀súbáà wọn. Wọ́n kàn ní, “Ẹ pè é wá.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àfáà Kàdírì tó fẹ́ràn àwàdà ní kí á kúkú fi Fátíhà dè é. O mọ̀ wá, kò sí ohun tí a kì í ka Fátíhà sí: ọ̀kadà tuntun, àpò irúgbìn, ṣíṣí ìṣọ̀. A tẹ́wọ́, a kà á, mo fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú, mo ṣe àmín, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Ramlah, bàbá rẹ kò rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti ń sáré lójú ọ̀nà Ṣakí lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Ẹni àádọ́rin ọdún, tí ògì ń dà sí láyà nítorí pé ọwọ́ ń gbọ̀n. Àwọn ọ̀dọ́ ti gbé e sórí fóònù, Ogbooro àti Òkàká ti gbọ́. Mo lọ bá Àfáà Kàdírì, àwàdà ti tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ẹni tó fi ọkàn gba Fátíhà nìkan ló lè tú u.

Mo wọkọ̀ lọ sí Ṣakí. Samsudeen dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ó ní, “Àǹtí, ẹ má fòyà. Ta ni yóò lu ẹni tó tó bí bàbá òun? Màá ṣubú fún wọn ní abala kìíní, a ó sì jọ ya fọ́tò.” Mo padà délé tayọ̀tayọ̀. Àṣìṣe mi ni pé mo sọ ọ́ fún bàbá rẹ.

Wọ́n bi mí bóyá mo ka gbogbo ìwé bàbá mi tán. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní rárá. Wọ́n wá sọ̀rọ̀ Festus, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí àwọn lù ṣubú ní abala kọkànlá, ní oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 1979. Ilẹ̀ ọjọ́ kẹta kò mọ́ bá a. “Gbogbo ayé kí mi kú oríire. Ìyá rẹ̀ pàápàá kí mi. Ẹ̀ṣẹ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, Waheedat. Mi ò lọ na ọmọ yẹn. Tèmi ni mo fẹ́ lọ gbà. Bó bá ṣubú fún mi, mi ò ní dárí jì ọ́.”

Mo padà sídìí ìwé ìròyìn náà. Mo rí i: ìlà méjì lórí ìjà náà, àti àwòrán bàbá rẹ tí wọ́n nawọ́ sókè. Ohun tí a fi ń wọn akọni mọ́ akọni nìyẹn, kò sì sí ibi tí wọ́n kọ ẹni tí kò délé sí.

Samsudeen ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó ní ṣé kí òun ṣì ṣubú. N kò tíì fèsì. Jọ̀ọ́, wá kí ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìjà náà tó dé. Ìwọ ni àkọ́bí, bàbá rẹ kì í kọ ọ̀rọ̀ rẹ.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o sì bá mi kí ìyá ọkọ rẹ. Má jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́. Ìyá yín kí ọ. Wọ́n rò pé eré lásán ni ìjà náà, wọn ò mọ̀ nípa Festus. Lánàá ni wọ́n pè mí sí ilé ìdáná, wọ́n ní bàbá ti pín ẹran Iléyá sílẹ̀ de ọjọ́ náà: itan fún Lèmọ́mù, ìgẹ̀ fún ọ, apá kan fún ìdílé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí àwọn ò mọ̀ rí. Wọ́n ka gbogbo ilé náà lórí ìka, wọ́n wá rẹ́rìn-ín pé ogbó ti dé, nítorí pé bàbá gbàgbé ìpín ti ara wọn. Wọ́n ní kí n bá àwọn kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo kọ ọ́.

Tìrẹ ni mí, pẹ̀lú ìtìjú,
Waheedat.