Sẹ́kọ́ńdì Mẹ́rìnlá Tí Fóònù Fún Bàbá Rẹ

Ọmọbìnrin mi, ẹni tí kì í jẹ́ kí ojú ti ìyá ẹ̀,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí gbogbo ẹni tí ẹ jọ ń gbé ilé alájà yín yẹn, títí kan ará òkè yín tó ń kan ìṣó mọ́ ògiri tí kì í jẹ́ kí ẹ sùn. Ṣé ara le? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí o gbàgbé wa ò ní jẹ́ kí àwọn ọ̀gá rẹ gbàgbé rẹ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín oore. Tí o bá bi wá léèrè, àlàáfíà la wà. Irú àlàáfíà tó sì wọ ilé yìí, a ò rí i láti bí ọdún méjì, òun ló mú mi jókòó ti ìwé, nítorí ọ̀rọ̀ náà kọjá ohun tí èèyàn á máa pariwo sínú fóònù.

O mọ bí bàbá rẹ ṣe rí lẹ́yìn tí dókítà ní kí wọ́n fi iṣẹ́ káfíńtà sílẹ̀ nítorí ikọ́ eruku igi. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n gbé àga síwájú ògiri pálọ̀, wọ́n ń wo ògiri bí ẹni pé ògiri fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo bá wọn ṣàwàdà, wọ́n ní hùn. Mo bá wọn jà, wọ́n ní hùn. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò wọ́n fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní Màmá, tí Bàbá bá ń jókòó báyìí lọ, ẹsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ lọ, ọkàn á tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ yẹn ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́.

Àfi bí wọ́n ṣe dìde láàárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n gbé pátákó tí o fi ń gun ìgbì òkun nígbà tí o wà lọ́mọdé sọ̀kalẹ̀ lórí àjà. Wọ́n ní ìdí ẹ̀ ti sán, àwọn fẹ́ tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe tán, wọ́n ní ohun tí káfíńtà bá ṣe, káfíńtà gbọ́dọ̀ dán an wò. Àṣé wọ́n ti lọ bá Alákàn, ọ̀dọ́kùnrin tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní gígun ìgbì, tí wọ́n sọ ní Alákàn nítorí ẹ̀gbẹ́ ló fi ń rìn. Mo figbe ta, mo ní ṣé òkun lẹ wá fẹ́ máa bá ṣeré lọ́jọ́ ogbó? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi, bàbá rẹ rẹ́rìn-ín! Mi ò wá mọ èyí tí ǹ bá bẹ̀rù, ṣé ògiri ni tàbí òkun. Ìyẹn ni mo ṣe fi ẹkún pè ọ́, tí ìwọ náà fi fi fóònù tó ń sọ bí òkun ṣe máa rí ránṣẹ́.

O ṣeun, o ò ní fi ọwọ́ rere gba burúkú. Fóònù náà mọ ẹ̀kọ́ ilé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tàn án, ó bi mí bóyá mo gbà kí ó mọ ibi tí mo wà. Ẹni tó bá fi ọ̀wọ̀ béèrè ilé ẹni, a kì í fi ilé pamọ́ fún un. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni, mo gbálẹ̀, mo fọ ife, mo se oúnjẹ kún ìkòkò. A dúró títí, ẹnikẹ́ni ò yọjú. Bóyá ọ̀nà ló jìn. Bá wa sọ fún wọn pé a ò bínú.

Ó tún ń fún òkun ní máàkì. Ìràwọ̀ márùn-ún ló yẹ kí òkun gbà, kan ṣoṣo ló ń rí gbà láti ọ̀sẹ̀ tí fóònù ti dé. Òkun tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, tí ò gba ìsinmi rí! Mo lọ sétí omi lọ kí i kú iṣẹ́, mo ní kó má jẹ́ kó dun òun, pé ìwọ náà gba òdo nínú ìṣirò rí, kó wo ibi tí o dé lónìí.

Ọ̀rọ̀ ọfà tí fóònù fi ń júwe ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ ló wá gba ọgbọ́n. Alákàn ní tí atẹ́gùn bá ti orí omi fẹ́ wá sórí ilẹ̀, ìgbì á rí wúruwùru bí irun tí a ò yà. Àmọ́ tó bá ti orí ilẹ̀ fẹ́ lọ sórí omi, á gbé ìgbì dúró, ojú ìgbì á jọ̀lọ̀. Mo wo fóònù, ọfà kọjú sí ilẹ̀. Mo bá yí fóònù po lórí tábìlì kí ọfà lè kọjú sómi. Bàbá rẹ ní orí mi ti dàrú. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, atẹ́gùn ti yí! Kì í ṣe pé mo fẹ́ gbéra ga, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ń gun ìgbì ti ń wá bẹ̀ mí kí n bá àwọn yí i.

Sátidé tó kọjá ni ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Fóònù ní ìgbì ò ní ju mítà kan lọ, àmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ó kọ sẹ́kọ́ńdì mẹ́rìnlá. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀ pé iye àsìkò tí wọ́n yọ̀ǹda fún èèyàn nínú omi nìyẹn, bí ìgbà tí dókítà bá ní ṣíbí méjì, tí kò gbọdọ̀ di mẹ́ta. Nígbà tí a débẹ̀, omi sùn fọnfọn. Alákàn ní kí gbogbo wa dúró ná, kí a kọ́kọ́ wò ó dáadáa, pé òkun tó bá dákẹ́ báyìí, ó lè máa mí sínú ni. Bàbá rẹ ò ní sùúrù. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ fi omi kan ara, ni wọ́n bá gbé pátákó wọ omi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ohùn tí mo fi ń pè yín wálé nígbà tí ẹ wà ní kékeré, mo ṣì ní i. Ó di mẹ́rìnlá, mo ní ó tó o! Wọ́n ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Mo wọ omi tòun ti aṣọ lára, mo di ìdí pátákó mú, mo ń wọ́ wọn bọ̀. Ọmọ kan ní ẹ wá wo ìyàwó tó lọ kó ọkọ ẹ̀ nílé ọtí. Bàbá rẹ fàbínú yọ, wọ́n ní mo fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Omi ò tíì gbẹ lára wa tí òkun fi dìde. Ìgbì mẹ́rin tẹ̀ léra, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ju ilẹ̀kùn lọ, wọ́n ń wó lulẹ̀ gìrìgìrì níbi tí mo ti wọ́ bàbá rẹ kúrò gẹ́lẹ́. Bàbá rẹ di ọwọ́ mi mú, wọn ò sì fi í sílẹ̀ títí a fi délé, níṣojú gbogbo àdúgbò. Alákàn ní Màmá, kì í ṣe àsìkò ìwẹ̀ ni sẹ́kọ́ńdì yẹn o, àlàfo tó wà láàárín ìgbì kan sí èkejì ni, pé tí àlàfo bá gùn, ìgbì náà ti ọ̀nà jíjìn bọ̀, agbára ń bẹ nínú ẹ̀, á sinmi tán, á wá kó ara ẹ̀ dé. Mo ní mo ti gbọ́. Ọmọdé ni, mi ò fẹ́ bá a jiyàn. Fóònù ọmọ mi mọ ohun tó rí.

Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, bàbá rẹ ò sún mọ́ omi mọ́. Wọ́n padà sórí àga. Hùn tún bẹ̀rẹ̀.

Láàárọ̀ àná, mo wo fóònù: sẹ́kọ́ńdì mẹ́fà péré. Kí lèèyàn fẹ́ fi mẹ́fà ṣe? Alákàn ní irú ọjọ́ tó dára fún àgbàlagbà nìyí, ìgbì kéékèèké, atẹ́gùn ilẹ̀ ń fẹ́, iyanrìn abẹ́ omi náà kóra jọ tí ìgbì á fi rọra wó lé e. Mo wo bàbá rẹ, mo wo ògiri. Èmi fúnra mi ni mo gbé pátákó, mo ní ẹ dìde, mẹ́fà sàn ju òdo lọ.

Wọ́n dùbúlẹ̀ lórí pátákó, Alákàn tì wọ́n síwájú ìgbì. Mo ní oókan, eéjì. Wọ́n gbé orókùn kan. Ẹẹ́ta, ẹẹ́rin. Wọ́n ń gbọ̀n bí ọmọdé tó ń kọ́ ìrìn. Nígbà tí mo fi máa pe aárùn-ún, wọ́n ti nà ró lórí omi, ojú wọn rí bí ọjọ́ tí wọ́n wá tọrọ mi. Mo ní ẹẹ́fà. Wọ́n ṣì dúró. Eéje ti dé ẹnu mi, mo bá fi ọwọ́ bo ẹnu. Níwọ̀n ìgbà tí mi ò bá pè é, àsìkò wọn ò tíì pé. Mi ò sì pè é títí wọ́n fi gúnlẹ̀ sórí iyanrìn.

Nítorí náà, bí ọwọ́ bá yọ̀ǹda, fi owó dátà ránṣẹ́ kí fóònù má bàa yadi, kí o sì fi ti aṣọ rọ́bà tí wọ́n fi ń gun ìgbì kún un. Èyí tí Alákàn yá wọn fún pinpin, èèyàn mẹ́ta ló fà wọ́n yọ nínú ẹ̀, wọ́n ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ayé wá ni. Tí kò bá sí owó, má lọ yá o, a ó máa dúpẹ́ bọ̀.

Omi tó bá fẹ́ gbé ọ lọ, ẹni tó máa fà ọ́ jáde á ti wà nítòsí. Ibi tí ẹsẹ̀ ẹlòmíì ti ń yọ̀, ìwọ á nà ró níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ń ka àsìkò lé ọ lórí, kí nọ́ńbà tó kàn pòórá lẹ́nu ẹ̀.

Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Wọn ò ráyè kọ̀wé, wọ́n wà nínú omi.

Èmi ni ìyá rẹ.